Bí A Ṣe Ń Fi ACC Dá Iná Dúró Kí Bátìrì Fóònù Tó Kún

Fóònù kan wà ní ṣọ́ọ̀bù mi tí kì í jáde. Ojú rẹ̀ ti là, kámẹ́rà rẹ̀ kò ríran mọ́, ṣùgbọ́n káàdì síìmù inú rẹ̀ ló ń fún kọ̀ǹpútà méjèèjì ní íntánẹ́ẹ̀tì láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Ó ju ọdún kan lọ tó ti wà lórí ṣájà tọ̀sán-tòru. Bí iná ọba bá lọ, ínfátà a gbà á. Lọ́jọ́ kan ni mo rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ ti yọ gọngọ, gíláàsì iwájú sì ti ń ṣí kúrò lára férémù. Mo gbé e lọ fún ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní òdìkejì títì. Kò tíì fọwọ́ kan irinṣẹ́ rárá tó fi bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, bátìrì yín ti lóyún o."

Mo ra bátìrì mìíràn. Ọ̀nà tí èyí náà kò fi ní lóyún ni mo ń wá tí mo fi bá ACC pàdé, òun ni mo sì fẹ́ tọ́ yín sọ́nà lórí rẹ̀ yìí.

ACC, tí orúkọ rẹ̀ ní kíkún ń jẹ́ Advanced Charging Controller, jẹ́ ètò kékeré kan fún fóònù Android. Ẹni tó ń jẹ́ VR25 lórí GitHub, ìkànnì tí àwọn tó ń kọ kóòdù ń kó iṣẹ́ wọn sí, ló kọ ọ́. Gbangba ni kóòdù rẹ̀ wà lábẹ́ àṣẹ GPLv3: ẹni tó bá wù lè kà á, lè tún un kọ, lè pín in fún ará. Ètò náà kò ní ojú. Àṣẹ la fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn àṣẹ títẹ̀ lè lo AccA, áàpù tí ẹlòmíràn kọ láti fi bọ́tìnì àti àwòrán bo ACC lójú.

Ìdí tó fi yẹ ká dá iná dúró kò le. Bátìrì lithium-ion, irú èyí tí Sony kọ́kọ́ gbé dé ọjà ní 1991, kò fẹ́ nǹkan méjì: ooru, àti kí ó kún dẹ́nu kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Bó bá kún, nǹkan bí fóòtì 4.2 ló wà nínú rẹ̀, ti àwọn fóònù tuntun mìíràn tilẹ̀ ju 4.4 lọ. Ní irú ìnira bẹ́ẹ̀, àwọn kẹ́míkà inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara wọn díẹ̀díẹ̀, gáàsì á máa kóra jọ, ooru ṣájà á wá bu epo sí iná. Fóònù tó bá ń gbé lórí ṣájà ní 100% dà bí ẹni tó ti yó bámú tí wọ́n ṣì ń bu ẹ̀bà sí níwájú: bó bá ti jẹ òkèlè kan tán, wọ́n á tún fi òmíràn dí i.

Kí ẹ má kánjú o. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti gbogbo fóònù. Bí fóònù yín bá jẹ́ èyí tí ẹ ń gbé jáde, tó sì jẹ́ pé wákàtí mẹ́ta péré ni iná ọba fi ń yọjú ládùúgbò yín, ẹ jẹ́ kó kún. 20% tí ẹ fi sílẹ̀ nítorí ẹ̀mí bátìrì lè jẹ́ èyí tí ẹ máa nílò ní agogo mẹ́jọ alẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá bàjẹ́ sójú ọ̀nà. Bátìrì ṣeé rà. Mo ti rí àwọn tó ń fi 80% jẹ ara wọn níyà bí ẹni ń gbààwẹ̀, tí fóònù wọn á sì kú sí wọn lọ́wọ́ ní ọjà. Fóònù tó ń gbé lórí ṣájà ni ACC wúlò fún jù: èyí tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń ṣe kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà, èyí tó ń kọ orin ní ilé oúnjẹ, tábúlẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọmọ fi ń kàwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Ẹ wo Settings yín ná

Ó ṣeé ṣe kí ẹ má nílò ACC rárá. iPhone 15 àti àwọn tó tẹ̀ lé e ní ààlà 80% nínú Settings, lábẹ́ Battery. Láti iOS 18, ẹ lè mú 80, 85, 90 tàbí 95. Samsung ní Battery protection. Lórí àwọn tó pẹ́ díẹ̀, Protect battery ni wọ́n ń pè é, 85% ló sì ti ń dúró. Pixel 6a sókè náà ti ní ti 80%. Bí ẹ bá rí i, ẹ tàn án, kí ẹ padà sídìí iṣẹ́ yín.

Áàpù tó bá sọ pé òun yóò dá iná dúró lórí Android láìgba root, ìyẹn àṣẹ tó ga jù lọ lórí fóònù, ẹ fura sí i. Ohun tí irú rẹ̀ lè ṣe ni kó pariwo nígbà tí bátìrì bá dé 80% kí ẹ lè dìde lọ yọ wáyà. Ọwọ́ rẹ̀ kò dé ibi tí suíìṣì wà.

Ibi tí suíìṣì wà

Orí Linux ni Android jókòó sí, Linux a sì máa fi ohun èlò ara fóònù hàn bíi fáìlì. Bátìrì yín ní fódà tirẹ̀:

/sys/class/power_supply/battery

Fáìlì capacity tó wà níbẹ̀ ló ní nọ́ńbà tí ẹ ń rí lókè ojú fóònù. Fáìlì status ń sọ bóyá iná ń wọlé. Fáìlì temp ń sọ bí ara bátìrì ṣe gbóná tó, ṣùgbọ́n kò fi àmì ìdá sí i: bí ẹ bá rí 352, 35.2 ni lórí ìwọ̀n Celsius. Nínú fódà yìí kan náà ni ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù sábà máa ń fi fáìlì kan sí tó jẹ́ suíìṣì. Ẹ kọ 0 sínú rẹ̀, iná kò wọ bátìrì mọ́. Ẹ kọ 1, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Olórí iṣẹ́ ACC ni kó máa wo capacity, kó sì máa yí suíìṣì yẹn. Ibi tí iṣẹ́ ti wá pọ̀ ni pé orúkọ tí fóònù kan ń pe tirẹ̀ kọ́ ni èkejì ń pè é. Òmíràn ń jẹ́ charging_enabled, òmíràn input_suspend, ti Motorola lè jẹ́ mmi_charging_enable, ti Samsung batt_slate_mode. Ti input_suspend tiẹ̀ tún yí padà: 1 ló ń pa á, 0 ló ń tàn án. ACC ní àkọsílẹ̀ orúkọ wọ̀nyí rẹpẹtẹ, a sì máa gbìyànjú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi rí èyí tó gbọ́ràn.

Ẹni tí kì í ṣe root kò lè kọ nǹkan kan sínú fáìlì wọ̀nyí. Ìdí nìyẹn tí ìgbésẹ̀ kejì fi le.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yẹ ara fóònù wò

Ẹ bọ́ ìbora rẹ̀. Ẹ gbé e lé orí tábìlì gíláàsì, kí ojú rẹ̀ wà lókè, kí ẹ fi ìka kan ta á. Bó bá ń pòyì bí òkòtó, ẹ̀yìn rẹ̀ ti wú nìyẹn. Ẹ wo etí gíláàsì náà lójú ìmọ́lẹ̀. Bí àlàfo bá wà níbi kan tí kò sí níbòmíràn, bátìrì ló ń tì í látinú wá. ACC kò lè wo irú èyí sàn. Ẹ pa fóònù náà, ẹ má fi síná mọ́, ẹ má fi abẹ́rẹ́ lu bátìrì kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde gẹ́gẹ́ bí mo ti rí i tí ẹnì kan fẹ́ ṣe. Iná ló máa ń ti ibẹ̀ sọ. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ pààrọ̀ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: root

Lórí fóònù tí ẹ ti fẹ̀yìn rẹ̀ tì ni kí ẹ ti ṣe èyí. Áàpù báńkì púpọ̀ kì í ṣí lórí fóònù tó bá ti ní root, òmíràn á sì lé yín jáde láìsọ ìdí. Kí ẹ tó gba root, ẹ ní láti bọ́ bootloader, ètò tó ń jí fóònù bí ẹ bá tàn án, lẹ́wọ̀n. Ìyẹn yóò nu gbogbo ohun tó wà lórí fóònù nù pátápátá: àwòrán, ohùn, ìfìròránṣẹ́. Lórí Samsung, ó ń jó fíúùsì kékeré kan nínú ẹ̀rọ tí Knox, ètò ààbò Samsung, fi ń mọ̀, kò sì sí ọ̀nà láti dá a padà. Xiaomi lè ní kí ẹ dúró fún ọjọ́ mélòó kan kó tó gbà fún yín. Àwọn fóònù kan wà tí kò gbà rárá.

Ọ̀nà tí fóònù kọ̀ọ̀kan ń gbà ṣí bootloader yàtọ̀, nítorí náà ẹ wá ti orúkọ àti nọ́ńbà fóònù yín gan-an. Lẹ́yìn ìyẹn, Magisk, tí John Wu bẹ̀rẹ̀ ní 2016, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń gba root. Báyìí ló ń lọ:

1. Ẹ lọ sí Settings, About phone, kí ẹ da Build number kọ sílẹ̀, lẹ́tà dé lẹ́tà.
2. Ẹ wá boot.img, fáìlì tí fóònù fi ń tàn, ti Build number yẹn gan-an. Lórí fóònù tó jẹ́ pé Android 13 tàbí èyí tó ga jù ú ló bá jáde láti ilé iṣẹ́, init_boot.img ló sábà máa ń jẹ́.
3. Ẹ gbé e sórí fóònù, ẹ ṣí Magisk, ẹ tẹ Install, ẹ fi fáìlì náà hàn án. Yóò bá yín ṣe òmíràn tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú magisk_patched.
4. Ẹ da èyí padà sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi fastboot, irinṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà, kọ ọ́ sínú fóònù pẹ̀lú àṣẹ fastboot flash boot, tàbí fastboot flash init_boot bó bá jẹ́ èkejì lẹ fi ṣe é. Odin ni Samsung ń lò dípò fastboot.

Ẹ má ṣe jù boot.img àkọ́kọ́ yẹn nù. Èmi mú ti ẹ̀dà kan tó fi oṣù kan péré dàgbà ju ti fóònù mi lọ, mo ní kí ló lè ṣe. Ohun tó ṣe ni pé fóònù ń tàn dé ibi àmì orúkọ ilé iṣẹ́, á kú, á tún tàn, á tún kú, fún bí ogójì ìṣẹ́jú tí mo fi ń làágùn. Èyí tó tọ̀nà tí mo tún wá kọ sínú rẹ̀ ló yọ mí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ACC

Ọ̀nà méjì ló wà. Èyí tó rọrùn ni kí ẹ gba AccA láti F-Droid, ọjà áàpù ọ̀fẹ́ kan, kí ẹ ṣí i, kí ẹ fún un ní àṣẹ root nígbà tí Magisk bá bi yín. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbé ACC wọlé. Èkejì ni kí ẹ gba fáìlì zip ACC láti ojú ewé Releases rẹ̀ lórí GitHub, kí ẹ ṣí Magisk, Modules, Install from storage, kí ẹ mú zip náà. Èmi lo èkejì, nítorí mo fẹ́ rí ohun tó ń ṣe lójú mi.

Ẹ gba Termux pẹ̀lú, F-Droid náà ni kí ẹ ti gbà á. Ibẹ̀ lẹ ó ti máa tẹ àṣẹ. Àṣẹ àkọ́kọ́ ni:

su

Magisk yóò béèrè. Ẹ gbà fún un. Àmì owó dọ́là tó wà níbẹ̀rẹ̀ ìlà yóò yí padà sí #. Bí kò bá yí, ẹ kò tíì di root. Ẹ má tẹ̀ síwájú.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wá suíìṣì yín

Ẹ fi ṣájà sí i, kí bátìrì má tíì kún, kí ẹ wá tẹ:

acc -t

Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì máa sọ èyí tó ṣiṣẹ́ àti èyí tí kò ṣiṣẹ́. Ó ń pẹ́ díẹ̀. Ẹ má yọ wáyà, ẹ má sì bẹ̀rù bí àmì iná bá ń tàn tó ń kú lókè. Bó bá jẹ́ pé fóònù pa ara rẹ̀ tó tún tàn láàárín ìdánwò, suíìṣì kan ni kò bá a lára mu. Ẹ ti mọ èyí tí ẹ máa yẹra fún.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú ara yín rí i, bí mo ti ṣe, ẹ fi ọwọ́ dán ọ̀kan wò:

cd /sys/class/power_supply/battery
cat status
echo 0 > charging_enabled
cat status

Lórí fóònù mi, status àkọ́kọ́ sọ pé Charging, èkejì sọ pé Not charging, wáyà sì wà nínú rẹ̀ digbí. Mo rẹ́rìn-ín ní èmi nìkan. Bí fáìlì yẹn kò bá sí lórí tiyín, ẹ tẹ ls kí ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìdánwò, ẹ kọ 1 padà sínú rẹ̀.

Ẹ fara balẹ̀ ka status yẹn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pàtàkì wà. Not charging, tí ACC ń pè ní Idle, túmọ̀ sí pé ara ṣájà ni fóònù ti ń jẹun, bátìrì sì ń sinmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Discharging túmọ̀ sí pé suíìṣì náà ti gé iná kúrò lára gbogbo fóònù, bátìrì ló ń bọ́ ọ bí ẹni pé kò sí wáyà kankan. Fún fóònù tó ń gbé lórí ṣájà, èyí àkọ́kọ́ la fẹ́. Bí ìdánwò bá fi hàn pé ẹ ní méjèèjì, ẹ tẹ

acc -ss

kí ẹ mú èyí tó ń fún yín ní Idle nínú àwọn tó bá tò sílẹ̀. Bí Discharging nìkan lẹ bá rí, ó ṣì sàn ju 100% lọ; bátìrì á kàn máa lọ sókè-sódò láàárín ààlà méjèèjì ni.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ fi ààlà sí i

acc 75 70

Bátìrì dé 75%, iná dúró. Ó wálẹ̀ dé 70%, iná padà. Nọ́ńbà yìí gan-an ni ACC ń bá wá láti ìbẹ̀rẹ̀, mi ò sì rí ìdí láti yí i. Ẹ lè lo 80 àti 75. Ẹni tí iná rẹ̀ kì í ṣẹ́jú lè lọ sí 60 àti 55, bátìrì á sì dúpẹ́. Èmi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí bí ínfátà bá kú lójijì, fóònù yẹn ní láti gbé íntánẹ́ẹ̀tì ró títí oníbàárà tó ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò á fi tẹ Submit. Ṣùgbọ́n ẹ má fi 75 àti 74 sí i. Iná á kàn máa lọ máa bọ̀ ṣáá ni.

Lórí AccA, nọ́ńbà méjì yìí náà lẹ máa rí. Áàpù yẹn tún jẹ́ kí ẹ lè tọ́jú oríṣi ààlà mélòó kan, kí ẹ máa yí láti ọ̀kan sí èkejì, bíi ti ọjọ́ iṣẹ́ àti ti ọjọ́ ìrìn àjò.

Bó bá di ọjọ́ ìrìn àjò, tí ẹ fẹ́ kó kún lẹ́ẹ̀kan péré:

acc -f

Yóò gbà á dé 100%, lẹ́yìn náà ààlà yín á padà. Fún ìròyìn bátìrì lójú ẹsẹ̀, acc -i. Ibi tí gbogbo ètò yín wà ni /data/adb/vr25/acc-data/config.txt, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kan sí ibòmíràn.

Ohun tó lè dí yín lọ́wọ́

Ó lè jẹ́ pé iná dúró ní 75% lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó wálẹ̀ dé 70% kò padà àfi tí ẹ bá yọ wáyà tí ẹ tún fi bọ̀ ọ́. Àwọn fóònù kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ yan suíìṣì mìíràn pẹ̀lú acc -ss. Òmíràn, bí iná bá padà, kò ní wọlé kíákíá bíi ti àkọ́kọ́ mọ́. Lórí fóònù tí kò ń lọ síbì kan, èrè nìyẹn, nítorí ooru á dín kù.

Bí fóònù bá wà ní pípa lórí ṣájà, ẹ má retí ACC. Ìgbà tí Android bá jí ni òun náà ń jí. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹ bá gba ẹ̀dà Android tuntun: root lè lọ, ACC á bá a lọ, kò sì ní kí yín pé ó dàbọ̀. Lẹ́yìn gbogbo irú ìyípadà bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ acc -i kí ẹ mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Ó tún ku iná tó ń sáré sókè sódò. ACC kò gba fóònù lọ́wọ́ ìyẹn o. Iṣẹ́ stabilizer nìyẹn. Ẹ má sì gbé fóònù náà lé orí ínfátà. Orí ínfátà gan-an ni tèmi wà tẹ́lẹ̀, mo sì ń bú bátìrì. Nígbà tí mo sún un lọ sórí pẹpẹ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, temp tó máa ń wà ní 410 bọ́ sí bíi 340 lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà.

Bí ẹ kò bá fẹ́ ẹ mọ́, acc -U ni, kí ẹ pa fóònù kí ẹ sì tún tàn án.

Ó ku ẹyọ kan. Ẹ sọ fún àwọn tí ẹ jọ ń lo fóònù náà. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo parí tèmi, mo jáde lọ ra ínkì. Ìgbà tí mo dé, ọmọ iṣẹ́ mi ti ra ṣájà tuntun. "Ẹ káàbọ̀, Bọ̀ọ̀dá. Ṣájà àná yẹn ti bàjẹ́. Látàárọ̀ ni mo ti fi síná, 75 ló ń jókòó sí." Mo mú bírò alámì dúdú, mo kọ "75 – 70, kò bàjẹ́" sí ẹ̀yìn fóònù. Ṣájà tuntun náà ṣì wà nínú páálí rẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀.